Ọdún Mẹ́rin Tí Hephzibah Dín Kù

Kóòtù òtútù ni ọkùnrin náà wọ̀ lójú oòrùn Abẹ́òkúta. Òógùn ń ṣàn wọ ọrùn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àga ṣọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí Hephzibah ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Kí n má parọ́ fún yín, ìfẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù ni.

Lọ́jọ́ náà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Hephzibah ń lọ ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Hephzibah, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Adéṣọlá, tó máa ń jí lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ékòó lójoojúmọ́. Apá tó ti wò láyé rẹ̀ kò lóǹkà. Síbẹ̀, ohun tó rí lórí ẹ̀rọ nígbà tó wo ti baba yìí mú kó nu gíláàsì ojú rẹ̀, kó tún un wò.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ wọ kóòtù nínú ooru báyìí?"

"Láti Birmingham ni mo ti wọ̀ ọ́ wá. Mo rò pé iyì ni."

"Iyì tó fẹ́ pa yín. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, báwo ni màá ṣe béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì?"

Hephzibah ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí iṣan ọkùnrin náà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń lù ségesège. Ó bu omi fún un, ó jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Ìgbà tó tún un wò tó rí i pé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ló tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un.

Ọládọ̀tun lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Owódé Ẹ̀gbá ni. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó lọ sílùú òyìnbó, ó wa bọ́ọ̀sì ní Birmingham títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ibẹ̀ náà ni Lois, ọmọbìnrin rẹ̀, ń gbé. Ó wálé wá sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ ò sì dá ṣáká. Àwọn dókítà ibẹ̀ ti fi wáyà tín-ín-rín kan sí iṣan ọkàn rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ pẹ́ kí àwọn tó tún rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun máa lò. Ẹ ò ní í gbàgbọ́, oṣù mẹ́ta ló lò. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, á gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sílé Hephzibah ní Ìbarà, á ní òun wá kí nọ́ọ̀sì òun. Nọ́ọ̀sì á gbé ìrẹsì ọ̀fadà kalẹ̀.

"Màmá Ṣọlá, ọbẹ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n ta ló jí iyọ̀ inú ẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn."

"Ọlọ́run ni màá fẹjọ́ ẹ sùn fún. Màá ní, Olúwa, wo obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́."

"Ẹ jẹun, ẹ jàre."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ kíṣìnnì, ó fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti wá a wá sílé láìjẹ́ pé ara onítọ̀hún ò yá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọládọ̀tun bi í léèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ gan-an?"

"Ti ìjọba lẹ ń bi mí ni, àbí ti Ọlọ́run?"

Baba náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ti pẹ́ tó nílùú òyìnbó tó, kò gbàgbé pé ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ló ní ọjọ́ orí méjì. Hephzibah wá sọ òótọ́ fún un. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí kóòtù, ó búra, ó gé ọdún mẹ́rin kúrò. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìwé rẹ̀ ti ń pe ohun tí bàbá rẹ̀ búra sí. Ìwé ní mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, àádọ́rin ló sì fẹ́ pé.

"Ọkọ mi kú, kò mọ̀," ó ní. "Ṣọlá ò mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Ọládọ̀tun gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò tètè fi í sílẹ̀.

Nígbà tó padà sí Birmingham, ó ránṣẹ́ pé kí Hephzibah wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kó wá mọ ibi tóun ń gbé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́, ó ra ìnṣọ́ránsì ìlera fún un, nítorí pé owó ilé ìwòsàn ò rọrùn fún àlejò níbẹ̀. Hephzibah rán aṣọ tuntun. Ó ra bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé jọ fún àwọn tó ń fún ni ní físà, ó sì ń dúró.

Ṣọlá jókòó tì í, ó ka èsì náà fún un láti ojú fóònù. Ó kà á dé ààrin, ó wojú ìyá rẹ̀.

"Màmi, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ gan-an?"

Hephzibah gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onífísà ní pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pe ọjọ́ orí kan, ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ pe òmíràn. Wọ́n ní ó fẹ́ tan àwọn jẹ ni. Wọn ò fún un ní físà, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ tún wá tọrọ rẹ̀ títí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó. Ọdún mẹ́wàá, fún ẹni tó fẹ́ pé àádọ́rin, tí ẹni tó ń fẹ́ ẹ ti pé márùndínlọ́gọ́rin, tí ọkàn ẹ̀ sì ń fi wáyà mí.

Ó pe Ọládọ̀tun. "Bàbá Lois, ta ló sọ ọjọ́ orí mi fún wọn?"

"Èmi ni. Nígbà tí mo fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ. Mo rò ó pé bí àìsàn bá ki ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n á tú gbogbo ìwé ẹ wò. Bí wọ́n bá rí i pé ọjọ́ orí tá a kọ kì í ṣe òótọ́, wọn ò ní í san kọ́bọ̀, wọ́n á gbé owó ìwòsàn ẹ sílẹ̀ fún mi, mi ò sì lágbára ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ òótọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé o ò ní í gbà."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Hephzibah sunkún fún ìtìjú, ó sunkún fún ẹ̀rù. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n gé kúrò yẹn ló fi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á fò, á rò pé àwọn òṣìṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ló dé wá mú òun. Bí Ṣọlá bá kí i láàárọ̀, kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ọládọ̀tun sọ tẹ̀ lé e dẹ́rù bà á ju gbogbo ìyẹn lọ.

"Bí o ò bá lè wá, èmi á wá. Màá wálé pátápátá."

"Ẹ má dán an wò."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ní Birmingham, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọkàn náà. Bí Ọládọ̀tun bá ti kó wálé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì, Hephzibah lọ káàkiri àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó wà l'Ábẹ́òkúta. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọjọ́ orí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ti ọkàn, wọ́n á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti rí ẹni tó kú nínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, tí àwọn ẹbí ṣì ń pe ẹni tó máa yá wọn lówó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ojú òkú náà dé. Ojú Ọládọ̀tun ló ń rí báyìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Lois pè é.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn Daddy, ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyẹn. Bí wọ́n bá wálé, wọ́n máa kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe, ọmọ mi?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe mọ́."

Nígbà tí Ọládọ̀tun pè, Hephzibah sọ ọ́ kíá, kí ẹnu rẹ̀ má bàa kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kó jókòó sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Lois ló bá ẹ sọ̀rọ̀, àbí?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó dáa," ó ní. "Máa jẹun dáadáa o."

Láti ìgbà náà, bó bá pè, Hephzibah ò gbé e. Ó rò pé ẹ̀rù á dín kù. Kò dín kù rárá. Bí fóònù bá ń dún, ó kúkú mọ̀ pé ó wà láàyè. Nígbà tó wá di pé fóònù ò dún mọ́, kò mọ nǹkan kan mọ́. Òun fúnra rẹ̀ pè é níkẹyìn, wọ́n ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ó tún pè. Wọ́n ti pa á. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé bí òun bá ti pa ọkùnrin yìí, kó má fi han òun.

Ó pe Lois. Ẹkún ni Lois fi gbé e.

"Mummy, wọ́n ti lọ. Mo délé wọn, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí. Inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n wà báyìí."

"Ṣé wọ́n rí ìnṣọ́ránsì tó gbà wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n."

Ṣọlá ò lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Òun ló fi ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí éápọ́ọ̀tù l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí èrò ti ń jáde, Hephzibah ń wo ojú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ jáde. Àwọn tó gbé ọmọ jáde. Àwọn èrò tán, Ọládọ̀tun ò sí níbẹ̀.

Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ kan ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn jáde, baba kan wà nínú rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí àyà.

Kò sẹ́ni tó lè dá Hephzibah dúró. Ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọkùnrin náà. Ó gbóná. Ó ń lù.

Ọládọ̀tun lajú. "Nọ́ọ̀sì, oorun ni mo ń sùn."

"Ta ló ní kí ẹ wá? Ṣé mi ò sọ pé mi ò fẹ́ yín mọ́ ni?"

"O ò mọ irọ́ pa. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn ẹ, bàbá ẹ ló pa á."

Ṣọlá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Bí ọkàn yín bá dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Mi ò ní ẹ̀rọ wọn. Mi ò ní ìnṣọ́ránsì. Kí ni kí n fi gbà yín là?"

"Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ní Birmingham. Ọjọ́ tí ọkàn yìí kọ́kọ́ dá mi wó, orí ilẹ̀ kíṣìnnì ni mo wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó tó di pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mò ń pe èèyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ilẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ikú lọ, Hephzibah."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Hephzibah fi iwájú orí lé orúnkún rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èrò, ó sunkún.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù bá ẹkún náà lọ. Hephzibah wá dókítà ọkàn kan l'Ábẹ́òkúta, ó gba nọ́ńbà rẹ̀, ó gba ti ìyàwó dókítà pẹ̀lú. Lálaalẹ́ ni Ṣọlá ń kọ orí ọkọ̀ sí géètì kó lè yá bí wọ́n bá fẹ́ sáré. Lois bínú, kò pè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó pè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti pinnu, kí wọ́n jẹ́ kóun rí ìgbéyàwó náà lórí fóònù.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n so wọ́n pọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn ò pọ̀. Aṣọ tó rán fún ìrìn àjò Birmingham ni Hephzibah wọ̀. Ṣọlá ló gbé fóònù tí Lois fi ń wò wọ́n. Ọládọ̀tun jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó wá kan Hephzibah.

Àlùfáà Timothy ń sọ ọ́, Hephzibah ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Láti òní lọ. Nígbà dídára, nígbà búburú. Nígbà tí àlùfáà sọ pé "nínú àìsàn," ohùn Hephzibah wọlẹ̀. Àlùfáà rò pé kò gbọ́, ó tún un sọ. Hephzibah gbọ́ o. Èémí ọkùnrin tó dúró tì í ló ń tẹ́tí sí, ó kúrú, ó sì ń yára.

Ọládọ̀tun tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ó ń ba èmi náà. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Hephzibah di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ àìsàn, ó sọ ìlera. Kò dúró de àlùfáà mọ́. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó kù sókè, tí Lois fi gbọ́ ọ ní Birmingham: "Títí ikú yóò fi yà wá."