Ohun Tó Ń Gbé Oyèwùmí Jáde

Ọmọ náà kú sínú ìyá rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí ohun tó pa á. Tèmi, ìyá ọmọ náà, ti ọsibítù délé, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Látìgbà náà ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń ṣe ségesège: ó lè pẹ́ kó tó dé, ó sì lè dé kó má fẹ́ lọ.

Oyèwùmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ń se oúnjẹ. Opó ni, kò bímọ rí. Ìlọrà ló wà tí Fọlábí àbúrò rẹ̀ fi ní kó máa bọ̀ ní Conyers, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, kó wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ kò sí mọ́. Obìnrin náà kàn wà nínú ilé ni.

Lóru, á jí, ara rẹ̀ á ti rin gbingbin. Á rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á dúró lábẹ́ igi páìnì nínú òtútù, tòun ti ìró kan ṣoṣo láyà. Òwìwí kan wà lórí igi náà. Bó bá ké, á gbójú sókè wò ó. Kò sí ẹlòmíì tó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Tèmi ń wò ó láti ojú fèrèsé òkè.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin kò jẹ ìrẹsì tó bá sè mọ́. Bó bá jókòó, wọ́n á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, Fọlábí gbé àpótí Oyèwùmí wá sí pálọ̀.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi ní bí ẹ ò bá lọ, òun á lọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ bi ara yín!" Tèmi ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. "I heard you, Àǹtí. Ẹ̀ ń sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní òru ló máa ń gbé yín jáde. Ta lẹ lọ ń bá ṣèpàdé? Ẹyẹ yẹn?"

Oyèwùmí mọ ohun tóun sọ. Ṣùgbọ́n bó bá tún un sọ, wọ́n á bèèrè ìdí, ìdí náà ni kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́.

Màmá Evelyn, olórí àwọn aládùúrà, ni wọ́n ti pè wá ṣe ìdáǹdè fún un kó tó lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó ń wo ọrùn Oyèwùmí. Òógùn ń ṣàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilé tutù.

"Tèmi, tún ohun tó o gbọ́ sọ."

"Òru. Òru ló ń gbé wọn jáde."

Màmá Evelyn pa Bíbélì dé. "Ooru ni! Ooru! Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Atlanta yìí, ẹ ó fi ohùn pa ẹni ẹlẹ́ni." Ó yíjú sí Oyèwùmí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?"

Fọlábí wolẹ̀.

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Họ́mọ̀nù, èròjà ara tó ń darí rẹ̀, ló lọ sílẹ̀. Òun ló ń da ooru bò yín, tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Tèmi, họ́mọ̀nù ni tìrẹ náà. Ara rẹ ò tíì padà sípò. Ohun tó pa oyún, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin yìí."

Tèmi kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ."

Fọlábí gbé àpótí, ó ń dá a padà sí yàrá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo ìyà yìí, Ẹ̀gbọ́n mi! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Oyèwùmí fi etí ìró nu ọrùn.

"Mò ń retí pé bóyá nǹkan oṣù mi á padà wá. Bí mo bá ti fẹnu sọ ọ́, ó tán nìyẹn."