Àpótí Tí Bàbá Dídán Kùn Tinú-tòde

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ará ilé náà. Wọn ò ní fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá Dídán ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè nílé ló máa ń gbé àpótí irin wá fún un, kó lù ú tọ́, kó sì kùn ún lọ́dà. Irin kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìdán. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá dúró pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ òun á kun òun náà.

Àìsàn wá dá ìyàwó yìí dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ohùn nìkan ló kù. Bàbá Dídán to ẹ̀rọ kékeré kan sínú àpótí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó lè máa pe òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn yẹn ló ń bá a ṣiṣẹ́. "Bàbá, omi." "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń gbọ́ ọ, òun ò tíì dá nìkan wà láyé.

Nígbà tó yá, àpótí náà dípẹtà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tú ẹ̀rọ inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ha ìpẹtà kúrò, ó fi pọ́tì dí ihò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Gbogbo oníṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé èèyàn máa ń dá ojú kan sí nínú àpótí láìkùn, kí wáyà lè fara kan irin gan-an. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iná tó bá ṣìnà sára àpótí ò ní rí ọ̀nà jáde. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ó kùn ún tinú-tòde. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó gbé e sí oòrùn. Ọ̀sán gangan ni. Àdúgbò pa rọ́rọ́.

"Bàbá, omi."

Inú àpótí ni ohùn náà ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Òfìfo. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bu omi, ó wọlé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú aláìsàn, ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí ẹ ti ń kun nǹkan yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu wọn ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Wọ́n pe dókítà. Ó yẹ ọ̀nà ọ̀fun wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Bàbá Dídán padà sídìí àpótí, ó mú sáńpépà. Ó ń ha, ó ń sunkún. Ọ̀dà ṣí kúrò, pọ́tì ṣí kúrò. Irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, bó ṣe ń ha ni ihò ń fẹ̀ sí i. Ìyókù rẹ̀ ló gbé lọ sórí ibùsùn, ó gbé e sún mọ́ ètè ìyàwó rẹ̀.

"Jọ̀ọ́," ó ní, "bá mi sọ̀rọ̀."

Ohùn náà jáde láti inú àpótí, jẹ́jẹ́, ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

"Bàbá, ta ni ẹ gbé sórí ibùsùn mi?"

Obìnrin orí ibùsùn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Dídán jókòó sáàárín wọn. Kò mọ èyí tí yóò dá lóhùn.