Obìnrin Tó Wá Bèèrè Ọ̀nà

Òjò kankan ò rọ̀ ní Thamesmead nílùú Òyìnbó ní ọ̀sán Sátidé yẹn, síbẹ̀ obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà Saadat tutù rinrin bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú odò. Omi ń kán tó, tó, tó láti etí gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn tàn yòò sára àwọn ilé Yarnton Way, àwọn ọmọdé sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri.

"Ìyá Tawfiq, ẹ kú ìrọ́jú," ni obìnrin náà wí.

"Ìrọ́jú kí ni?" Saadat ò rí i rí láyé rẹ̀.

Ara rẹ̀ ò kúkú lélẹ̀ látàárọ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1989 ni, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Hugo sì ń bọ̀ lórí òkun, ó dojú kọ àwọn erékùṣù Caribbean. Antigua ni Tawfiq, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ti ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Raymond, ará Montserrat tó ń gbé lókè ilé wọn, ló bá ọmọ náà wá iṣẹ́ ọ̀hún. Ìyá Raymond ṣì wà ní Montserrat, erékùṣù tí kò jìnnà sí Antigua rárá. Rédíò ní ìjì náà lè yà sí Antigua, ó lè yà sí Montserrat, ó sì lè má yà síbì kankan. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti ka ìròyìn, Saadat á sáré lọ yí ohùn rédíò sókè.

Ó fẹ́ tilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Etí rẹ̀ méjèèjì dí, bí ìgbà tí ọkọ̀ òfúrufú bá ń sọ̀kalẹ̀. Kọ́tìnì ilé ìdáná dìde, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ sọ́nà ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn kankan ò fẹ́. Òórùn ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ya gba inú ilé kan.

"Ọ̀nà ló pín sí méjì mọ́ mi lójú," ni àlejò náà sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Mi ò sì lè dúró. Ẹ sọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ dé fún mi."

Nígbà náà ni Saadat mọ ohun tó ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó rántí ìyá Raymond, tó máa ń kí i lórí fóònù, tó máa ń pè é ní àbúrò òun. Ó gbé ìyá arúgbó náà sọ́kàn, ó sì tún gbé e kúrò níbẹ̀.

"Antigua," ló wí. "Jọ̀ọ́, má dé Antigua."

"Ibòmíràn ńkọ́?"

"Ibi tó bá wù ọ́ ni kó o yà sí."

"Mo ti gbọ́."

Nígbà tó lọ tán, Saadat fi ìka kan omi tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀ bí omi òkun.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni rédíò sọ pé àárín Montserrat gan-an ni ìjì náà já sí. Fóònù ibẹ̀ ò lọ mọ́. Antigua rí nínú rẹ̀, àmọ́ kò tó nǹkan.

"Alhamdulillah," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ojú sì tì í, ó bo ẹnu.

Ibẹ̀ ni Raymond ti kanlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ máa ń sọ.

"Auntie Saadat, ẹ ti gbọ́?"

"Mo gbọ́, Raymond. Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ Mama."

Raymond jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́. "Ohun tó ń gbé mi ró ò ju pé Mama ò dá wà. Wọ́n pè mí lánàá kí n tó jáde. Wọ́n gbọ́ pé Antigua ni ìjì ń lọ, ni wọ́n bá ní kí Tawfiq sá wá sọ́dọ̀ àwọn. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní òun pè yín títí, line ò wọlé."

"Ta ló sá lọ síbo?"

Raymond tún un sọ. Kó tó sọ ọ́ tán, Saadat ti já síta láìwọ bàtà.

Ó bá obìnrin náà ní ibùdókọ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Aṣọ rẹ̀ ti gbẹ.

"Dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi!" Saadat wólẹ̀ níwájú rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, mi ò mọ̀!"

"Mo ti yà síbẹ̀, Ìyá Tawfiq. Ọmọ dáadáa lẹ bí. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn nítorí ìyá àgbà yẹn. Ó pẹ́ gan-an kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀."

Raymond sáré dé, ó gbé e dìde. Kò tiẹ̀ wo bẹ́ǹṣì náà rárá, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

"Auntie, ẹ má ṣe báyìí. Ẹ gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Tiyín máa ń gbà."

Saadat la ẹnu. Lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin náà tẹ́tí sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tó máa sọ.