Gìtá Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Dáhùn

Òjò ọ̀sán kan ló lé Fọláṣadé wọ abẹ́ àtíbàbà Fákúnlé káfíńtà ní Titirou, ládùúgbò kan ní Parakou. Ó fi ọ̀rá bo aṣọ ìyàwó oníyàwó, ó gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun, kò sì bìkítà bí omi ṣe ń kán ní irun tirẹ̀. Aránṣọ ni, ọmọ Ṣábẹ̀. Fákúnlé ń ta gìtá láàrin pákó. Bó ṣe rí i, ọwọ́ rẹ̀ ṣi okùn.

Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan náà lẹ ń tọ̀ látìgbà tí mo ti dé. Ṣé ẹ ò mọ ibòmíràn ni?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú egbò ló fi igi kàn. Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí Fákúnlé ń ta gìtá fún, kò sì sí orin wọn tí kò mọ̀. Àmọ́ bí Nùrúdíìnì, olórí ẹgbẹ́, bá ti yẹ̀ fún un pé kó ta ohun tó wà nínú ara rẹ̀, ìka rẹ̀ á gba ipa àná. Ọdún ń gorí ọdún. Ó ń fi fóònù gbọ́ àwọn onígìtá Kóńgò, ó ń ṣe bí wọ́n ti ṣe, ó kàn ń burú sí i ni. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, ibi tí okùn rẹ̀ mọ ni oko rẹ̀ mọ. Nùrúdíìnì sì ti sọ ọ́: bí ọdún bá parí báyìí, òun á wá onígìtá mìíràn.

Òjò dá, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò dá. Fákúnlé a máa fi ọmọbìnrin náà ṣẹ̀fẹ̀ pé aṣọ ìyàwó gbogbo Parakou ló ń rán, tirẹ̀ nìkan ni kò tíì gé. Fọláṣadé náà á ní ẹni tí yóò ra aṣọ náà ṣì ń ta orin àná.

Nígbà tó yá, Fákúnlé lọ kí baba Fọláṣadé ní àdúgbò Ladjifarani, kó lè tọrọ ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Oyèwọlé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ ò ní da ìkíni sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo. Ẹ ó béèrè ilé, àgbà á dáhùn. Ẹ ó béèrè ọmọ, á dáhùn. Ilẹ̀ lẹ ó wà títí yóò fi ní kí ẹ dìde. Ẹ̀rù mú Fákúnlé. Lórí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti da ilé, ọmọ àti ara líle pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti nàró kí baba tó la ẹnu.

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé àlejò kò sí níbẹ̀. "Ọmọ yìí kì í jẹ́ kéèyàn dáhùn. Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ilé?"

Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọdún parí, Nùrúdíìnì mú onígìtá mìíràn wá. Ọyẹ́ dé. Pákó ń gbẹ nílẹ̀, Fákúnlé kò fọwọ́ kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó gbé gìtá lọ sí ẹ̀yìn ilé bàbá Fọláṣadé láti dágbére fún ọmọbìnrin náà. Ó ní òun ń padà sí Ìdàáṣà, ìlú òun, kó wá ọkọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kú, kó sì fi igi òfìfo yìí dáná.

Fọláṣadé kò gba gìtá. "Ohun tí bàbá mi rí lẹ́nu yín, mo ti rí i lára gìtá yín. Ẹ kì í dúró. Ẹ fi í kí mi, kí ẹ wá dákẹ́ títí n ó fi dáhùn."

Fákúnlé ta ohùn díẹ̀, ó dákẹ́. Obìnrin náà fi imú kùn ún lóhùn. Kíá, ìka Fákúnlé tún sá gba ipa àná. Wọ́n tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ojú ti Fákúnlé, omijé dé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ó ta ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Fọláṣadé náà dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn tó fi ń gbọ́ èémí ara rẹ̀, síbẹ̀ kò sá.

Láti ojú fèrèsé, ohùn àgbàlagbà kan kùn ún lóhùn.

Fákúnlé dijú. Ohun tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, òun alára kò gbọ́ ọ rí. Ohùn náà tún fèsì. Ó dúró kó parí, kó tó tún ta òmíràn.

Bàbá Oyèwọlé jáde wá wo ẹni tó ń ta á. Fákúnlé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ó sì pa ẹnu mọ́.

Bàbá pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ ti lé ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyẹn ò kàn mí. Bí iṣu tuntun bá jáde, kí àwọn àgbà ilé rẹ wá."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọ̀nà. Fọláṣadé kúnlẹ̀ ti Fákúnlé nínú eruku. Kò sẹ́ni tó tíì ní kí wọ́n dìde, àwọn méjèèjì kò sì kánjú.