Ọ̀nà Tí Azeemah Mú Tọ́

"Ìwọ tí o kò lè tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo kó má kú, ìwọ lo fẹ́ kọ́ àdúgbò fún odidi ẹbí?"

Azeemah ló sọ ọ́, ojú ìyálé rẹ̀ ló sì ti sọ ọ́. Kò tilẹ̀ lo "ẹ" fún un mọ́. Láti ìgbà tó ti mọ̀ pé ọkọ wà lẹ́yìn òun ló ti sọ ọ̀wọ̀ nù. Ìkà obìnrin! Ẹni tó lè fi ikú ọmọ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ni kò ní lè ṣe?

Kúbúrátù ìyálé náà kúnlẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ṣófo. Ibẹ̀ ni pùláànù àdúgbò náà tó yà máa ń wà, ní kíká, nínú àpò ọ̀rá. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá Mubarakah," ó yíjú sí Wàhábì ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ ṣáà mọ ẹni tó ya pùláànù yẹn. Ìṣojú yín ni mo ṣe yà á."

"Pùláànù wo? Èyí tí Azeemah yà ni mo mọ̀. Òun ni yóò gbé e síwájú ẹbí lọ́la. Bí o bá fi la ẹnu rẹ níbẹ̀, kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ sílé bàbá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin!"

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ nísinsìnyí!" Azeemah bú sẹ́rìn-ín. "Yàrá yìí yóò gba bàtà mi dáadáa."

Ilẹ̀ ẹbí Wàhábì wà ní Ìjagun, níbi tí agbo-ilé àwọn bàbá ńlá wọn wó sí. Ẹbí fẹ́ tún un kọ́. Wọ́n ti ní ẹni tí àwọn bá gba pùláànù rẹ̀ ni yóò darí iṣẹ́, òun náà ni yóò kọ́kọ́ yan ilé tí yóò jẹ́ tirẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ilé ni Kúbúrátù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ibà gbé Mubarakah lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọwọ́ ìyá náà kò mọ ohun tí ì bá máa ṣe mọ́, ó sì mú pẹ́ńsù.

Kò ya fẹ́ńsì gíga sí i. Ilé ńlá àti ilé oníyàrá kan ló kó yí àgbàlá ká, kí ọlọ́rọ̀ àti opó àti akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lè jọ máa kí ara wọn láàárọ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, òpó igi gbígbẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nígbà ìwáṣẹ̀. Arúgbó yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí àti ọjà láìpe ọlọ́kadà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ́ nínú rẹ̀: ó dé ìdí igi àgbálùmọ̀ kan, ó yà sápá òsì, ó sì fi àyè kékeré sílẹ̀ lófìfo. Kúbúrátù kò kọ nǹkan kan sí àyè náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láti kọ ọ́.

Ẹbí yìí kì í fọwọ́ sí pùláànù lórí tábìlì. Wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á na okùn sórí ilẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé, àgbà ẹbí á sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Nítorí náà ni Alhaji Mùhámmẹ́d, olórí ẹbí, fi ń tẹ̀ lé okùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí Azeemah ń ṣe bí ìyàwó ọ̀ṣìngín níwájú rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi sùn, Bàbá! Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́!"

"O káre, ìyàwó wa." Bàbá dúró nídìí àgbálùmọ̀. "Kí ni ti èèkàn tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ yìí?"

"Sókàwéè ni, Bàbá. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀nsẹ̀ ilé mẹ́rin yóò máa ṣàn sí. Àyè náà kàn ṣófo lásán tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀nà sì wọ́ láìnídìí. Mo wá mú un tọ́."

Igbe kan sọ láàárín àwọn obìnrin. Kúbúrátù ló sáré jáde. Ó ṣubú lé èèkàn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á tu.

"Ẹ má da ìgbọ̀nsẹ̀ lé ọmọ mi lórí! Mo bẹ̀ yín! Ẹ lé mi lọ, ẹ má da ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí!"

"Orí rẹ̀ ti dàrú!" Wàhábì pariwo. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀gbẹ́ kànga lọ́hùn-ún ni sàréè ọmọ wà!"



"Ẹ̀gbẹ́ kànga?" Alhaji Mùhámmẹ́d na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Subuhánalláhì! Wàhábì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ́ Mubarakah sílẹ̀. Ibi tí ìyá rẹ̀ ṣubú sí yìí ni! Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ní Jímọ̀-Jímọ̀ lo ń wá ṣàdúà lórí sàréè ọmọ rẹ?"

Wàhábì na ìka sí ìyàwó rẹ̀ kékeré. "Azeemah ló yà á! Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

"Irọ́ lẹ pa!" Azeemah já gèlè orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ jí i gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyálé, tí ẹ ní kí n dà á kọ! Sàréè wo lẹ máa ń lọ? Gbogbo Jímọ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe Ìbẹfun lẹ máa ń wà, nínú yàrá mi, kí ẹ tó gbé mi níyàwó? Ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà gan-an, ṣebí ọ̀dọ̀ mi lẹ ti pa fóònù yín!"

Ọ̀nà Kánò ni Kúbúrátù mọ̀ pé ọkọ òun wà lọ́jọ́ náà. Láti ọdún mẹ́fà wá, òun ló máa ń pẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé kò rí ojú ọmọ kó tó wọlẹ̀. Ó gbé orí sókè, erùpẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo Wàhábì bí ẹni tí kò rí i rí.

"Olè! Oníṣekúṣe!" ni àwọn ìyàwó ilé ń ké. Azeemah fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n tì í dànù. Wàhábì fúnra rẹ̀, ojo ọkùnrin, kígbe pé òun kọ Azeemah sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, bí ẹni pé ìyẹn yóò gba òun là.

"Ìwọ náà dákẹ́!" ni Bàbá wí. "Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ sókàwéè lé ọmọ rẹ̀ lórí kò ní ìpín lórí ilẹ̀ yìí. Ẹ ká okùn yẹn kúrò! Kúbúrátù, dìde. Ìwọ lo ni pùláànù, ìwọ ni yóò darí iṣẹ́. Yan ilé rẹ."

Kí oòrùn tó wọ̀, Azeemah ti wà lójú ọ̀nà Ìbẹfun pẹ̀lú àpótí méjì. Kúbúrátù ṣì wà lórí ilẹ̀, ó ń tún okùn nà. Wàhábì wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Mubarakah, dárí jì mí. Ilé wo lo yàn fún wa?"

"Fún wa?" Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ilé oníyàrá kan ni mo yàn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọmọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà."

Ó mú èèkàn mìíràn.

"Ẹ yẹra, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọ̀nà lẹ dùbúlẹ̀ sí."