Ilẹ̀kùn Tó Mọ Ọkàn Àwẹ̀ró

Ní Òkè-Ọ̀sà, ìlú tó léfòó lẹ́yìn tí òkun ti gbé etíkun mì, kò sẹ́ni tó ń lo kọ́kọ́rọ́ mọ́. Amọ̀yà ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ọkàn onílé ṣe ń lù kó tó ṣílẹ̀kùn. Láníyonu, ọkọ Àwẹ̀ró, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tiwọn kó tó kú, ó sì so ohùn ara rẹ̀ mọ́ ìlù ọkàn ìyàwó rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá ti dúró síbẹ̀, ohùn ọkọ rẹ̀ á jáde: "Àwẹ̀ró, o ti dé? Nu ẹsẹ̀ rẹ o."

Ṣùgbọ́n ọkàn tí amọ̀yà mọ̀ yẹn, àìsàn ló ń ṣe é. Á dúró díẹ̀, á tún sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Lọ́jọ́ tí òòyì gbé Àwẹ̀ró ṣubú nídìí ààrò, wọ́n gbé e lọ bá Dókítà Ìbídàpọ̀.

Dókítà mú ekòló-iná jáde, okùn tín-ín-rín tó ń rìn fúnra rẹ̀.

"Iṣan itan ló máa gbà dé yàrá òkè ọkàn yín, mà. Ẹran kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Òun ló ń mú yàrá náà gbọ̀n, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dé ọpọlọ, ó lè pani. Ekòló máa jó ẹran náà yíká. Ibi tó bá jó á di àpá, àpá ò sì mọ iṣẹ́ í jẹ́."

Bàbá Láoyè, ẹ̀gbọ́n Láníyonu, fajú ro. "Ẹ fẹ́ dáná sínú ọkàn èèyàn? Ìyàwó, má gbà."

"Oògùn ò ràn án mọ́, bàbá," ni Dókítà fèsì.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Ṣé ekòló yìí ò ní bù mí jẹ?"

"Kò lẹ́nu, mà."

"Ó ti sàn ju ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ nìyẹn. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ooru kan gba àyà rẹ̀ kọjá, bíi ti ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ ń lù létòlétò, bí ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó mọ iyán gún.

Nígbà tí Bàbá Láoyè sìn ín délé, Àwẹ̀ró gun afárá láìmí hẹlẹ. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò," ni ẹ̀rọ wí, ohùn tí kì í ṣe tẹnì kankan. "Ta lẹ wá rí?"

Àwẹ̀ró fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí onílé ṣe ń ṣe tí amọ̀yà ò bá dá a mọ̀.

"Ṣé kí n gba ìlù ọkàn tuntun yìí? Ti àtijọ́ á parẹ́, tòun tohùn tí wọ́n so mọ́ ọn."

Bàbá Láoyè gbójú sílẹ̀. "Ohun tí mo ń sá fún nìyí. Kí lo rò pé mo máa ń sìn ọ́ wálé fún? Ohùn àbúrò mi ni mo ń wá gbọ́."

Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ kan lé àyà.

"Gbà á," ló sọ fún ẹ̀rọ.

Ilẹ̀kùn ṣí, kò sọ nǹkan kan. Àwẹ̀ró wọlé, ó sì bojú wẹ̀yìn wo bàbá tó dúró gbagidi síta.

"Ẹ wọlé, bàbá. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín o."