Okùn Gígùn Ara Àsíá

Tàǹtí Marcelline ò jẹ́ kí àsíá tuntun náà kan ilẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ na ojú rírán rẹ̀. Ó ń sọ fún Mireille, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Pobè, pé òun ti rán aṣọ ìyàwó, òun ti rán aṣọ oyè, àmọ́ kò sí èyí tó dùn mọ́ òun tó aṣọ ìlú yìí. Ilé-ìwé Mireille ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á fà á sókè lójú gbogbo òbí, Tàǹtí á sì jókòó níwájú.

Mireille ń gbọ́, inú rẹ̀ ò dùn. Òun ló ń fa àsíá ilé-ìwé sókè tẹ́lẹ̀, kí Fabiola, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan, tó dé láti Takon. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gá Pacôme, ní kí wọ́n sọ ìtàn àsíá, Fabiola bá dìde, ó ń rò ó láìwo ìwé. Ó ní ọdún 1959, nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ni wọ́n yan àwọ̀ mẹ́ta náà. Lọ́dún 1975, ìjọba ìgbà yẹn pa á tì, wọ́n gbé aṣọ àwọ̀ ewé tó ní ìràwọ̀ pupa sípò rẹ̀, kó tó di pé ti àkọ́kọ́ padà lọ́dún 1990. Ó ní àwọ̀ ewé ni ìrètí, pupa ni ìgboyà àwọn baba ńlá wa, àwọ̀ ìyeyè ni ọrọ̀ ilẹ̀. Ọ̀gá Pacôme ní Fabiola ló máa fa àsíá tuntun.

Láti ọjọ́ náà ni ara Mireille ti ń ta sí i. Bí Fabiola bá kí i, ó ń bí i nínú. Bí kò bá kí i, ó tún ń bí i nínú. Ẹ̀rín ọmọ náà lásán tó láti ba ọ̀sán rẹ̀ jẹ́.

Nílé-ìwé wọn, kíká ni wọ́n ń ká àsíá, ẹni tó ń fà á kì í tú u kó tó dé òkè. Okùn méjì ló wà létí rẹ̀, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Èyí tó gùn ni wọ́n ń so sókè. Mireille mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí Tàǹtí ní kó bá òun rán okùn méjèèjì mọ́ ọn, kó ká a, kó sì gbé e lọ sílé-ìwé, kí òun yára lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ní Igana, Mireille rán okùn gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pupa, èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀. Ó rán an ní àránpọ̀ méjì kó má baà tú. Ohun tó ń fẹ́ ò ju kí wọ́n fi Fabiola ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n sì dá àsíá padà fún òun.

Lọ́jọ́ Ajé, Fabiola so okùn, ó fà á. Àsíá tú sílẹ̀ lókè, ó dorí kodò: pupa lókè, ìyeyè nísàlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Mireille bá wọn rín in, ó sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Fabiola ò sunkún. Ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fọwọ́ kan okùn náà.

"Ọ̀gá, èyí tó gùn ni mo so sókè. Ẹ̀gbẹ́ pupa ni wọ́n rán an mọ́."

Gbogbo ojú bá yí sí Tàǹtí Marcelline. Mireille ò ro ibẹ̀ yẹn rárá. Òbí kan ń béèrè bóyá aránṣọ tí kò mọ àsíá ìlú rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Tàǹtí dìde, ó wá wo ojú rírán náà. Ó mọ àránpọ̀ méjì yẹn, òun ló kọ́ ẹni tó rán an. Ó wo Mireille lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Àṣìṣe mi ni."

Àwọn èèyàn pòṣé. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Mireille. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àmì orílẹ̀-èdè tí wọ́n kùn sókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì: ẹkùn méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n jọ gbé asà kan ró, tí wọ́n kọ ìfẹ́ ọmọ ìyá, ìdájọ́ òdodo àti iṣẹ́ sábẹ́ wọn. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Òní ló tì í lójú. Ó jáde síwájú.

"Kì í ṣe Tàǹtí. Èmi ni mo rán okùn yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ rán an bẹ́ẹ̀. Mò ń jowú Fabiola ni."

Ọ̀gá Pacôme ní kò ní fọwọ́ kan àsíá mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ á fi parí. Ó ní kó jókòó síbẹ̀, kó tú okùn náà, kó tún un rán. Àránpọ̀ méjì tó fi rán an ò fẹ́ tú, oòrùn sì ti ń mú. Fabiola bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá etí aṣọ mú kó má baà kan ilẹ̀. Mireille bẹ̀ ẹ́.

"Ó ṣì ń dùn mí," ni Fabiola wí. "Máa rán an lọ, àwọn èèyàn ń dúró."

Nígbà tí àsíá gòkè bó ṣe yẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Fabiola, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Tàǹtí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún Mireille.

Fabiola ni Mireille fẹ́ dójú tì. Ìyá tó ń tọ́ ọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owú bá ń jẹ yín nítorí ẹnì kan, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara yín kó tó wọ inú iṣẹ́ ọwọ́ yín.